Dígírì Okòwò Oníkíákíá, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Onígbàgbọ́, àti Ọjọ́ Ìsinmi Tí Mo Ń Wá

Orí rédíò ni mo ti gbọ́ ìpolówó tó mú mi forúkọ sílẹ̀, lórí ìkànnì orin ìyìn tí mo máa ń gbọ́ bí mo bá ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ lè parí dígírì nínú ìmọ̀ okòwò láàárín oṣù méjìdínlógún: alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kọ́ọ̀sì kan lẹ́ẹ̀kan, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Kristẹni tí wọ́n ti máa mọ orúkọ rẹ. Kò sí irọ́ nínú ìpolówó yẹn o. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọn kò sọ, nígbà tó sì jẹ́ pé okòwò la lọ kọ́, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà níbí, kírẹ́díìtì ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀kọ́ yunifásítì. Dígírì àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ 120. Ìjọba àpapọ̀, tí ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ti fi sínú òfin láti 2011 ohun tí kírẹ́díìtì kan túmọ̀ sí: wákàtí kan nínú kíláàsì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ó kéré tán wákàtí méjì iṣẹ́ níta kíláàsì, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 15, tàbí iṣẹ́ tó bá ìyẹn dọ́gba, bí àkókò rẹ̀ bá yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló gbé gbogbo ètò oníkíákíá ró. Kọ́ọ̀sì oníkírẹ́díìtì mẹ́ta á jẹ́ wákàtí 135. Ọmọ ogún ọdún tó ń gbé inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ á pín in sí ọ̀sẹ̀ 15, ó di wákàtí mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀. Àwa tí wọ́n fún ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó di 27. Yọ wákàtí mẹ́rin tí a fi ń jókòó ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kúrò, ó ku 23 tí o máa wá ibi kan yọ ọ́, nínú ọ̀sẹ̀ tó jẹ́ pé o ti fi 40 rẹ̀ ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́.

Ọ̀nà kò kúrú. Ìrìn ló yá. (Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó ń dúró ti ẹnikẹ́ni nílé ka wákàtí. Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí èèyàn á fi ọgbọ́n àyínìke wọ́ ọ kọjá. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí ìṣirò owó bá délẹ̀, kò sí ọgbọ́n kankan.)

Kò sì sí ohun tuntun nínú ètò yìí. John Sperling dá University of Phoenix sílẹ̀ ní 1976 nítorí àgbàlagbà tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tí kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ jókòó sí kíláàsì lọ́sàn-án. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọ náà kò jẹ́ kó pẹ́: Indiana Wesleyan University ní ìlú Marion ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1985, ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì Kristẹni kéékèèké sì gba ọ̀nà kan náà lẹ́yìn náà. Ẹgbẹ́ kan á jọ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, wọ́n á jọ máa bọ́ láti inú kọ́ọ̀sì kan sínú èkejì títí wọ́n á fi jọ parí. Kì í ṣe inú ọgbà ńlá olódòdó tó wà nínú àwòrán ni wọ́n ti ń kọ́ wa. Iyàrá kan tí wọ́n háyà nínú ilé ọ́fíìsì lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ ni, dókítà eyín ló wà nísàlẹ̀ wa.

Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ wa ló mú kí n dúró. Ọkùnrin kan wà tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun. Obìnrin kan wà tó ti ń ṣiṣẹ́ báńkì láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, tó ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀gá níṣẹ́, tí àwọn tó kọ́ sì ń gun orí rẹ̀ kọjá nítorí pé wọ́n ní dígírì, òun kò ní. Ẹnì kan ń bójú tó ilé ìkẹ́rùsí. Arábìnrin Mùsùlùmí kan láti Sòmálíà wà pẹ̀lú wa, tó sọ fún mi pé òun dìídì yan ilé ẹ̀kọ́ Kristẹni nítorí pé ibẹ̀ ni wọn kì í ti í wo ẹni tó bá ní òun fẹ́ lọ gbàdúrà bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń fi ìwé owó ránṣẹ́ sí aláìsàn ní ilé ìwòsàn. Olùkọ́ wa àkọ́kọ́ ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí, ó sì ní ká máa pe òun ní orúkọ àbísọ òun. Gbogbo kíláàsì pè é bẹ́ẹ̀. Èmi pè é ní “Sà” títí kọ́ọ̀sì fi parí, ó sì gbà fún mi.

Ohun tó ń mú kí ẹlòmíràn parí láàárín oṣù méjìdínlógún ni ohun tó gbé wọlé. Ẹni tó bá ti gba 60 kírẹ́díìtì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì tí owó rẹ̀ kò wọ́n, ìdajì ọ̀nà ló ti rìn kó tó débẹ̀. Ológun wa ní ìwé tó fi hàn pé àwọn ẹ̀kọ́ tó kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó kírẹ́díìtì, nítorí àjọ American Council on Education ti yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì ti sọ iye tí wọ́n tó. Ìdánwò CLEP tún wà, tí àjọ College Board ń ṣe: àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, owó ìdánwò náà fúnra rẹ̀ kò tó 100 dọ́là, bí o bá sì gba 50, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ á fún ọ ní kírẹ́díìtì mẹ́ta láìjẹ́ pé o jókòó sí kíláàsì kankan. Ìpolówó ọjà wà níbẹ̀, òfin okòwò wà níbẹ̀, ètò ọrọ̀ ajé náà wà níbẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹni tó ń gbà wá wọlé kò fi ariwo ta èyí fún wa rárá. Ìgbà tí mo kọ́ ìṣirò èrè ni mo mọ ìdí.

Ní tèmi, mo ní ẹ̀kọ́ ọdún méjì láti ilé, tí mo ṣe ní pólì. Wọ́n ní kí n kó èsì náà lọ sọ́dọ̀ àjọ aládàáni tó ń túmọ̀ ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè, irú èyí tí World Education Services ń ṣe, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kọ́ọ̀sì sí kọ́ọ̀sì. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ dára ju bí mo ṣe rò lọ. Bẹ́ẹ̀ ni iye tí ilé ẹ̀kọ́ náà gbà nínú rẹ̀ kéré ju ohun tó wà nínú ìwé lọ, torí ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́ ni àṣẹ wà, kì í ṣe ọwọ́ àjọ tó túmọ̀ rẹ̀. Kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn fi èyí sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ onígbàgbọ́ ni. Kí ló mú un yàtọ̀? Wọ́n ń gbàdúrà kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ Bíbélì wà nínú kọ́ọ̀sì tó pọn dandan. Ìyẹn nìkan kò tó kí n san owó tó ju ti yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ lọ. Ohun tí mo sanwó fún, tí mo sì rí gbà, wà nínú ìbéèrè tí àwọn olùkọ́ kan kò bẹ̀rù láti bi wá. Mo ní àwọn kan. Àwọn mìíràn kàn lẹ ẹsẹ Bíbélì kan mọ́ ẹ̀yìn orí ìwé ni, bí ìgbà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu àpòòwé.

Alẹ́ kan tí a ń kọ́ bí èlé ṣe ń gun orí owó, olùkọ́ wa, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìṣirò owó ló ń ṣe lọ́sàn-án, kò lo àpẹẹrẹ inú ìwé. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yáwó kéékèèké tó wà lẹ́bàá títì ló fi ṣàpẹẹrẹ, àwọn tí ń yá èèyàn lówó di ọjọ́ tí owó iṣẹ́ rẹ̀ bá wọlé. O yá 100 dọ́là, o san 115 padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. 15 dọ́là péré, kí ló le níbẹ̀? Ó ní ká sọ ọ́ di ti ọdún. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà nínú ọdún: 15 lọ́nà 26 jẹ́ 390. Ìdá 390 nínú ọgọ́rùn-ún! Kíláàsì mí kanlẹ̀. Ó wá ní ká ṣí Ẹ́kísódù 22:25, níbi tí Olúwa ti ní bí o bá yá òtòṣì kan nínú àwọn èèyàn òun lówó, o kò gbọdọ̀ dà bí agbowó-èlé sí i.

Gbogbo wa rò pé ẹ̀kọ́ ti parí síbẹ̀: wọ́n burú, Bíbélì ti dá wọn lẹ́bi, ká máa lọ sílé. Ni arábìnrin báńkì bá nọ́wọ́ sókè. Ó ní Mátíù 25:27 ń kọ́? Níbẹ̀, ọ̀gá ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ tó ri tálẹ́ńtì mọ́lẹ̀ wí pé ì bá ti kó owó òun fún àwọn onípàṣípààrọ̀ owó, kí òun lè gbà á pẹ̀lú èlé. Ṣé èlé wá dára níbẹ̀, tó burú níbí? Ọkùnrin ológun náà dá sí i, ó ní láti 2006 ni òfin ti wà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ju ìdá 36 lọ́dún lọ lọ́wọ́ ológun tó ń yá owó. Pé òun rántí ìgbà tí àwọn ṣọ́ọ̀bù yẹn kún ẹnu ọ̀nà bárékè.

Olùkọ́ kò dá ẹjọ́ náà. Ó ní: “Ó dáa. Ẹ di olówó ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ sanwó ilé, ẹ gbọ́dọ̀ sanwó òṣìṣẹ́, àwọn kan á sì jẹ yín lówó lọ. Ìdá 36 ni kí ẹ gbà. Ẹ ṣe é kí n rí i.” A ṣe é. Ìdá 36 lọ́dún lórí 100 dọ́là fún ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́ dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 38. Kò sí bí o ṣe máa fi dọ́là kan ààbọ̀ tí kò pé sanwó ẹni tó jókòó gba ìwé lọ́wọ́ oníbàárà, ká má tíì sọ iná mànàmáná. Iye tó jáde lórí bébà mi, tí ṣọ́ọ̀bù náà á fi dúró láìjèrè, ga ju ohun tí ọkàn mi lè gbà lọ. Mo tún un ṣe. Kò sọ̀kalẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹ̀kọ́ yìí lè wọnú ẹni. Bí ìṣirò bá pé, tí Ẹ́kísódù náà sì jẹ́ òtítọ́, a jẹ́ pé owó kékeré fún ẹni tí ebi ń pa kì í ṣe ohun tí èèyàn lè fi ṣe òwò tó mọ́. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ ṣe é: ìjọ, mọ̀lẹ́bí, tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Lẹ́yìn ìyẹn ni olùkọ́ tó sọ fún wa pé àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní irú ẹ̀yáwó kékeré bẹ́ẹ̀, ìdá 28 lọ́dún ló pọ̀ jù, pẹ̀lú owó fọ́ọ̀mù tí kò ju 20 dọ́là lọ. Arábìnrin ará Sòmálíà náà rẹ́rìn-ín músẹ́ ní gbogbo alẹ́ yẹn. Nígbà tí a ń kó ìwé, ó ní a ti lo wákàtí mẹ́rin kí a tó dé ibi tí ẹ̀sìn àwọn, tó ka èlé léèwọ̀, ti bẹ̀rẹ̀.

Irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Mo rántí òmíràn, nígbà tí wọ́n sọ fún wa pé Luca Pacioli, tó tẹ àlàyé ìṣirò owó alápá méjì (èyí tí wọ́n ti ń kọ owó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì) jáde ní Venice ní 1494, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ti ẹgbẹ́ Franciscan ni, àti pé ó gba àwọn oníṣòwò níyànjú kí wọ́n fi orúkọ Ọlọ́run ṣíwájú nínú ìwé ìṣirò wọn. Bí ọ̀sẹ̀ bá jẹ́ 15, à bá dúró sórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni, nítorí náà ó yá, ẹ ṣí orí tó kàn. Ohun tí mo rí gẹ́gẹ́ bí àbùkù ètò náà gan-an nìyí. Iṣẹ́ lè fún pọ̀ kó ṣì pé. Bí o bá ti ṣírò rẹ̀, o ti ṣírò rẹ̀. Ìrònú ni kì í fẹ́ kí wọ́n lé òun. Ọ̀rọ̀ èlé yẹn, oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lójú mi, nígbà tí a ti wà nínú kọ́ọ̀sì mìíràn tí kò kàn án rárá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi.

Ní ètò tiwa, ọ̀sẹ̀ máa ń parí ní Ọjọ́ Ìsinmi, aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú 59 lálẹ́. Gbogbo àròkọ, gbogbo èsì sí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ìṣirò, ìgbà yẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ wọlé. Ilé ìkàwé inú ọgbà wọn kì í ṣí láàárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè lọ sílé ìjọsìn. Kọ̀ǹpútà kò ní irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Nínú kọ́ọ̀sì Bíbélì, wọ́n ní ká kọ àròkọ lórí Ẹ́kísódù orí 20, lórí òfin kẹrin: rántí ọjọ́ ìsinmi láti yà á sí mímọ́. Alẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni mo fi í ránṣẹ́, pẹ̀lú ojú tó ti pọ́n. Bàbá Tólú dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ó ní: “Ìyá Tólú, ilé ẹ̀kọ́ Ọlọ́run lò ń lọ ni, àbí ti Fáráò?” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ bíríkì tèmi tán.”

Ẹnì kan nínú wa kọ̀wé sí ọ́fíìsì nípa rẹ̀. Èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò burú. Wọ́n ní òpin ọ̀sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní àyè. Bí wọ́n bá fi òpin sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta á ké. Àti pé kò sẹ́ni tó ní kí ẹnikẹ́ni má parí iṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú. Òótọ́ wà nínú gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀ mo ṣì rò pé ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ sinmi lọ́jọ́ keje lè sún aago yẹn sí ọ̀sán ọjọ́ Ajé, kí ó má sì pàdánù ohunkóhun. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n sún un ni pé kò sẹ́ni tó ń bínú lọ nítorí rẹ̀. A ń ṣàròyé, a sì ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́.

Nínú kọ́ọ̀sì ìṣirò fún alábòójútó ni mo ti lóye ibi tí ọ̀rọ̀ wà. A mú kíláàsì tiwa gan-an ṣe àpẹẹrẹ. Owó orí kírẹ́díìtì kọ̀ọ̀kan wà lójú ìkànnì wọn. A fojú bu owó iyàrá, àti owó olùkọ́, tó jẹ́ pé kọ́ọ̀sì sí kọ́ọ̀sì ni wọ́n ń sanwó fún un. Kò sí ilé ibùgbé, kò sí pápá bọ́ọ̀lù, kò sí ilé oúnjẹ. Èrè tó jáde mú kí olùkọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò rí ohun tí a kọ sójú pátákó yẹn o. Owó àwa tí ń wá lálẹ́ wà lára ohun tó ń mú iná ọgbà ńlá yẹn tàn. Wọ́n á sì nílò wa sí i. Ọdún 2007 ni wọ́n bímọ jù ní Amẹ́ríkà, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin àti ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún; láti ìgbà náà ni iye náà ti ń wálẹ̀. Àwọn ọmọ ọdún yẹn pé 18 ní 2025. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn kò tó wọn níye. Ẹni tó bá ń ta ẹ̀kọ́ fún ọ̀dọ́ nìkan, kó yáa lọ wá oníbàárà mìíràn.

Kò bí mi nínú láti mọ̀ pé oníbàárà ni mí. Ó tilẹ̀ tù mí lára, torí oníbàárà lè bèèrè ohun tó fẹ́. Ẹni tí mo káàánú ni ẹni tó wọlé nítorí pé ó ń wá ìdàpọ̀ àwọn ará. Ìsìn inú ọgbà, ọ̀sán ni wọ́n ń ṣe é, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé ibẹ̀ ló sì pọn dandan fún. Májẹ̀mú ìwà tí wọ́n ń fọwọ́ sí, àwọn náà ló mú jù. Ìdàpọ̀ tí àwa ní, àwa fúnra wa la dá a sílẹ̀, nínú ọgbà ìgbọ́kọ̀sí, lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́.

Lórí owó, ohun kan péré ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé púpọ̀ nínú wa kì í béèrè. Òfin owó orí gba agbanisíṣẹ́ láyè láti san tó 5,250 dọ́là lọ́dún fún ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà san owó orí lé e. Ilé ìwòsàn tí mo wà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí èsì bá jáde ni wọ́n ń san án padà, bí máàkì bá sì dára ni, nígbà tó jẹ́ pé kí kọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ gba tirẹ̀. Kí èèyàn múra sílẹ̀ fún àárín méjèèjì.

Àwọn ará ìjọ máa ń bi mí bóyá kí àwọn náà lọ. Fún ẹni tó ti ní kírẹ́díìtì púpọ̀ lọ́wọ́, tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, tó jẹ́ pé ìwé ẹ̀rí nìkan ló dí i lọ́nà, bẹ́ẹ̀ ni, kó lọ. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo, tí ìṣirò sì ń bà á lẹ́rù, mi ò rò bẹ́ẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò kò wọ́n, ọ̀sẹ̀ 15 á sì jẹ́ kó mí. Kí ó kọ́kọ́ wò ó bóyá àjọ tí ìjọba àpapọ̀ mọ̀, bíi Higher Learning Commission, ló fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ náà, torí orúkọ Jésù lára pátákó kò lè rọ́pò ìyẹn nígbà tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀kọ́.

Lẹ́yìn náà, kó bi ẹni tó ń gbani wọlé ní ohun mẹ́ta kó tó san kọ́bọ̀. Ọjọ́ wo ni ọ̀sẹ̀ yín ń parí? Mélòó nínú kírẹ́díìtì mi lẹ máa gbà, ṣé ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi? Bí àìsàn bá dá mi dúró nínú kọ́ọ̀sì kan, tí ẹgbẹ́ mi sì tẹ̀ síwájú, ìgbà wo ni kọ́ọ̀sì yẹn tún máa yípo dé ọ̀dọ̀ mi? Ìbéèrè kẹta yẹn ni wọ́n sábà máa ń fi “Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀” dáhùn. Kó ṣe àmín, kó sì tún un bi wọ́n.